Ẹ Jẹ́ Kí Alárùn Ọkàn Dìde Rìn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin àbúrò tí ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ màmá lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń bá wí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Dókítà ní ọkàn ló ń ṣe wọ́n, ẹ̀rù sì ba gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, màmá kò gbọdọ̀ gbé korobá, wọn kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, wọn kò gbọdọ̀ dá lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́ran. Ẹ gbé àga sẹ́nu ọ̀nà fún wọn, ẹ yí tẹlifíṣọ̀n kọjú sí wọn, ọmọ-ọmọ ló ń bu omi wá. Bí wọ́n bá ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, gbogbo ẹnu a là lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ jókòó, màmá! Ẹ rántí ọkàn yín!" Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá fi kọjá, ìyá tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Òkè-Àdó dé Dùgbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní lè rìn láti yàrá dé balùwẹ̀ kí èémí wọn má gé. Ará ilé á ní, "Ẹ ò rí i bí àìsàn yẹn ṣe ń le sí i?" Àìsàn nìkan kọ́. Àga yẹn náà jẹ nínú ẹ̀bi.

Ohun tí mo ń pè yín sí kò ṣòroó sọ. Mo fẹ́ kí ẹni tí àrùn ọkàn ṣe, tí oògùn ti mú ara rẹ̀ wálẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lábẹ́ ìtọ́sọ́nà. Mo fẹ́ kí ilé, ọsibítù, ẹgbẹ́ onílé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti àwọn tó ń ṣètò owó ìlera wa ṣe ipa tiwọn kí ìrìn náà lè ṣeé ṣe. Eré ìdárayá jẹ́ ìtọ́jú bí oògùn ṣe jẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tí wọ́n fún ní káàdì oògùn nìkan, tí wọn kò sọ bí yóò ṣe máa rìn fún un, ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì pé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan la máa ń dá alárùn ọkàn dùbúlẹ̀. Àwọn òyìnbó gan-an ló fi ẹsẹ̀ àṣà náà múlẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1950, ẹni tí àrùn ọkàn bá kọlù lójijì ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ni yóò fún un lóúnjẹ, nọ́ọ̀sì ni yóò yí i padà. Àwọn kan kú síbẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wọn, tó sì já lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1952, dókítà méjì ní Boston, Samuel Levine àti Bernard Lown, ròyìn bí wọ́n ṣe gbé aláìsàn 81 kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n fi wọ́n jókòó sórí àga láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí àìsàn náà kọlù wọ́n. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà gbà pé ewu ńlá ni wọ́n ń fi ẹ̀mí èèyàn wọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà yè, wọ́n sì tètè padà sí ilé wọn. Ẹ kíyè sí i o: orí àga ni ọ̀làjú dé ní 1952. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò tíì kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní oṣù Kẹsàn-án 1955, àrùn yìí kọlu Ààrẹ Amẹ́ríkà, Dwight Eisenhower, ní Denver. Wọ́n ránṣẹ́ pe Dókítà Paul Dudley White láti Boston. White jẹ́ ẹni tó gbàgbọ́ nínú ìrìn, òun fúnra rẹ̀ a sì máa gun kẹ̀kẹ́. Kò fi ààrẹ náà sílẹ̀ sórí ibùsùn. Ó mú un dórí àga, ó mú un dé ìrìn, ọkùnrin náà sì padà sídìí gọ́ọ̀fù rẹ̀. Ní 1956 ó tún díje, ó tún wọlé, ó lo sáà kejì rẹ̀ tán, ó sì wà láyé títí di 1969. Àní ọjọ́ pẹ́ tí ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. William Heberden, dókítà London tó ṣàpèjúwe ìrora àyà tó máa ń mú èèyàn bó bá ń rìn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1802 pé ọkùnrin kan wà tó ń fi ayùn gé igi fún ìdajì wákàtí lójoojúmọ́, àìsàn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán lára rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Jerry Morris, dókítà olùwádìí ní London. Ní 1953, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba owó. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n, bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ àrùn ọkàn mú awakọ̀ ju kọ́ńdọ́ lọ, èyí tó sì mú kọ́ńdọ́ kì í sábàá tètè pa á. Ẹni tó bá ti wọ dánfó ní Òṣòdì rí kò nílò àlàyé lórí ẹni tó ń lo ara nínú àwọn méjèèjì. 

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ wá sílé wàyí. Ta ni alárùn ọkàn láàárín wa? Ní Federal Medical Centre tó wà ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Bí a bá kó ọjọ́ orí wọn pọ̀ tí a pín in, nǹkan bí ọdún 57 ni. Nínú mẹ́wàá wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, tó jáde ní 2012, ka aláìsàn 1,006. Ọjọ́ orí tiwọn jẹ́ nǹkan bí 52. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni irú àìsàn yìí wọ́pọ̀ jù láàárín wọn. Ẹni ọdún 52 lọ́dọ̀ wa, ọmọ rẹ̀ wà ní yunifásítì, ilé tó ń kọ́ kò tíì lórùlé, ìsọ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Bí a bá fi í jókòó, owó iléèwé ọmọ náà jókòó tì í. Nítorí náà, ohun tí mo ń wí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Kí télọ̀ padà sídìí máṣíìnì, kí tíṣà padà sí kíláàsì, kí ìyá aláṣọ lè rìn yí ọjà ká ni mo ń wí.

Ẹnì kan á ní, "Ọkàn tó ti rẹ̀, ẹ tún fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ọkàn dà bí ẹnì kan ṣoṣo tó ń fa omi nínú kànga fún odindi agbo ilé. Bí ará ilé bá ń da omi nù, apá rẹ̀ yóò bọ́. Bí wọ́n bá kọ́ láti fi korobá kan ṣe iṣẹ́ korobá méjì, yóò rí àyè mí. Iṣan ẹsẹ̀, itan àti apá ni ará ilé yẹn. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ déédéé mọ bí a ṣe ń fa ọ́síjìn jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ á rọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń mú kí ọkàn sáré kìtàkìtà lánàá kò ní mú un sáré bẹ́ẹ̀ mọ́. Èémí tó ń gé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, kì í ṣe ọkàn nìkan ló ń fà á. Ẹsẹ̀ tó ti rọ nítorí ìjókòó wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìdùbúlẹ̀ ń ṣe. Ní Dallas, ní 1966, wọ́n dá ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ara wọn le, kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Agbára wọn já wálẹ̀ gidigidi. Nígbà tó pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n wá àwọn márààrún kàn, wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ti gba agbára lára wọn ju ohun tí ọgbọ̀n ọdún gbà lọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ogún ọdún, kí ni kò ní ṣe fún bàbá tí ẹ fi sórí àga láti ọdún Iléyá?

Ẹ̀rí pé ìrìn ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe àhesọ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 63 jọ, tó kan èèyàn tó lé ní 14,000 tí òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn wọn ti dí. Láàárín àwọn tó ṣe eré ìdárayá lábẹ́ ìtọ́sọ́nà, iye tí àrùn ọkàn pa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti àwọn tí kò ṣe é, wọn kì í sì í padà sí ọsibítù tó bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀, irú èyí tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, n kò ní purọ́ fún yín: ẹ̀rí pé ó ń fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó lágbára ni pé ó ń dín bí wọ́n ṣe ń dá wọn dúró sí ọsibítù kù, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà, kí wọ́n sì lè dá ṣe nǹkan ara wọn. Ẹni tó bá ti sanwó bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì rí, tó tún ń sáré ra abẹ́rẹ́ àti oògùn níta géètì, yóò mọ iye tí ìyẹn tó.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń ṣe é? Kò ní jíìmù nínú. Físíò, ìyẹn onímọ̀ tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, yóò wọn ọgbọ̀n mítà sórí ilẹ̀ kọ́rídọ̀, yóò gbé ìgò ike tí omi wà nínú rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò gbé òmíràn sí òpin. Yóò wọn ìfúnpá bàbá, yóò ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, yóò wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú. Lẹ́yìn náà yóò ní: "Bàbá, ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ má sáré o. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ fara ti ògiri. Bí ẹ bá ti mí dáadáa, ẹ tún máa lọ." Bàbá á kọ́kọ́ máa tọ ògiri bí ẹni tó ń rìn lórí yẹ̀pẹ̀ tútù, ọwọ́ kan á wà láyà. Ìyàwó wọn á dìde lórí bẹ́ǹṣì, á fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì á ní kí wọ́n jókòó. Nígbà tí bàbá bá fi lọ tí wọ́n bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ yẹn á kúrò láyà. Tí aago bá pé, físíò á ka mítà tí wọ́n rìn, á kọ ọ́ sínú fáìlì: 240, tàbí 310. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ bí wọn yóò ṣe máa rìn nílé, òun náà ni wọn yóò fi wé ti oṣù mẹ́ta sí i. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń fi nọ́ńbà yẹn yangàn níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ ju bó ṣe ń fi mọ́tò yangàn lọ.

Òṣùwọ̀n kan tún wà tí Gunnar Borg, ará Sweden, ṣe, láti 6 dé 20. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa sọ bó ṣe ní in lára sí: 6 ni ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, 20 ni ẹni tí agbára rẹ̀ tán pátápátá. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 13, ibi tó ti ń le díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣòroó rántí, ẹ lo ẹnu. Ẹni tó ń rìn tó ṣì lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀, ìrìn rẹ̀ dára. Bó bá lè máa kọrin geere, ó lè mú ẹsẹ̀ yá díẹ̀. Bí kò bá lè parí gbólóhùn kan, kó dẹsẹ̀. Ẹ má gbára lé aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn, nítorí àwọn oògùn bíi bisoprolol àti carvedilol kì í jẹ́ kí ọkàn sáré. Nọ́ńbà inú aago yóò máa sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí ara ti ń bẹ̀bẹ̀.

Nílé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún rìn láàárọ̀, kó tún fi márùn-ún rìn nírọ̀lẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, mo mọ̀ pé òkè ló yí yín ká. Ẹ fi òkè sílẹ̀ ná. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ibi tí à ń lọ ni ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì gbé ogún péré, ogún náà kì í ṣe ìtìjú. Kó bẹ̀rẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kó parí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Kó má kàn dúró gbagidi lójijì. Àga ẹnu ọ̀nà yẹn náà ní iṣẹ́ tó lè ṣe: kí màmá dìde lórí rẹ̀ láì fi ọwọ́ ti nǹkan, kí wọ́n tún rọra jókòó, bíi ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá. Itan ni ìyẹn ń kọ́.

Ẹ má sì fi ìtara ba nǹkan jẹ́. Kì í ṣe gbogbo alárùn ọkàn ló lè dìde lónìí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú sí i, tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lóru nítorí èémí, tí ìwọ̀n rẹ̀ fi kílò méjì lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọsibítù ló kàn án. Ẹni tí àyà ń dùn níbi tó jókòó jẹ́jẹ́ sí, ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ kọjá 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tí ibà mú, ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn rẹ̀ ti fún jù, kí gbogbo wọn dúró ná títí dókítà yóò fi ní ó yá. Odó àti ọmọ odó kò tíì kàn, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé jẹnẹrétọ̀ kò kàn. Ẹni tó bá di èémí mú láti gbé ẹrù wúwo ń ti ìfúnpá ara rẹ̀ sókè ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rìn tí àyà fún un, tí òógùn tútù bò ó, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kó jókòó. Bí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wá mọ́tò. Ẹ má wá àgbo. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun ti ń rìn, òun lè jáwọ́ nínú oògùn. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ nítorí ojútì. Furosemide, oògùn tó ń mú ni tọ̀, wà lára ohun tó ń dá àwọn èèyàn dúró sílé. Ẹni tó bá lò ó láàárọ̀ yóò máa wá ilé ìtọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Nítorí náà àwọn kan kì í lò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ jáde, ẹsẹ̀ wọn á sì wú. Àwọn mìíràn ń lò ó, wọn kì í wá jáde mọ́ títí láé. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe rí. Ó lè tún aago oògùn náà ṣe, tàbí kí ó ní kí ìrìn bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin dókítà, ẹ bi wọ́n léèrè. Àgbàlagbà kì í dédé bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ ìtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí àwọn ọsibítù ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 wo orílẹ̀-èdè 203 láyé, ó rí i pé 111 péré ló ní ètò ìdárayá fún alárùn ọkàn. Bí ọsibítù tiyín kò bá ní in, ẹ má sọ pé owó ló fà á. Kọ́rídọ̀ wà. Ìgò ike méjì, aago, ẹ̀rọ ìfúnpá, àga mélòó kan, ẹ̀rọ tó ń jí ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n lò: ọsibítù tó ń tọ́jú alárùn ọkàn yẹ kó ti ní wọn nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn físíò ńkọ́? Yunifásítì Ìbàdàn, ti Ilé-Ifẹ̀ àti ti Èkó ń kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wọkọ̀ òfuurufú lọ nítorí pé a kò fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Ẹ yan ọ̀sán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kí físíò kan jókòó sí kílíníìkì ọkàn, kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé ìrìn pẹ̀lú ìwé oògùn. Ẹni tó ń ti Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn kò lè máa wọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó lọ máa ṣe é nílé, kí físíò máa pè é lórí fóònù. Àwọn ìwádìí tó fi ti ilé wé ti ọsibítù ti fi hàn pé àǹfààní wọn kò jìnnà síra.

Ẹ̀yin NHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, àti àwọn àjọ ìdójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òfin 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò yín. Ẹ kọ ìdárayá alárùn ọkàn sínú ìwé àǹfààní yín kedere, pẹ̀lú iye ìgbà àti iye owó, kí akọ̀wé tó wà nídìí fèrèsé má baà máa wo òrùlé bí aláìsàn bá béèrè.

Ibo ni àwọn aláìsàn yóò ti rìn? Ìbéèrè yìí ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀nà wa kò ní ẹ̀bá ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀. Gọ́tà ló wà lápá ọ̀tún, ọ̀kadà lápá òsì. A wá ní kí ìyá tí òòyì ń kọ́ lọ máa rìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iléèwé ìjọba wà ní àdúgbò, pápá rẹ̀ sì ṣófo láti aago mẹ́fà títí di aago méje àbọ̀. Ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé, ẹ lọ bá pásítọ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì lẹ fẹ́ gbà. Ẹ̀yin Lèmọ́ọ̀mù, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá kírun Àsùbáà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí méjì tàbí mẹ́ta jọ yí mọ́ṣáláṣí ká kí wọ́n tó padà sílé. Kí ẹnikẹ́ni má rìn lóun nìkan. Bí ọyẹ́ bá sì mú eruku wá, tàbí tí èéfín pọ̀, kí wọ́n rìn nínú gbọ̀ngàn.

Ẹni tí ìrìn bá sú, ijó wà. Àwọn dókítà kan ní Ítálì, nínú ìwádìí tó jáde ní 2008, pín aláìsàn 130 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan lo kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìrìn, àwọn kan jó waltz, àwọn yòókù kò ṣe méjèèjì. Àwọn tó jó gba agbára bí àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ. Bí waltz bá lè ṣe é, jùjú àti fújì kò ní ṣàì ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi gbólóhùn yìí wá aṣọ ẹbí rà. Ìdajì wákàtí ijó ní pálọ̀ ni mo wí. N kò sọ̀rọ̀ bíà, pọ̀nmọ́ oníyọ̀ àti òru àìsùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Peckham, ní Houston, lẹ́tà tí wọ́n fi ń pe ẹni tí ọkàn ṣe wá sí kíláàsì ìdárayá, ẹ má jù ú sínú dúrọ́ọ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ ti 2019 pé òun fẹ́ kí tó 85 nínú 100 àwọn tó tọ́ sí máa gbà á. Ọ̀fẹ́ sì ni níbẹ̀. Ẹ lọ, kí ẹ wá kọ́ àwọn ará ilé. Ẹ ti ń fi ẹ̀rọ ìfúnpá àti fítámì ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń bá màmá sọ̀rọ̀ lórí fídíò lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ bi wọ́n pé, "Ìṣẹ́jú mélòó lẹ rìn lọ́sẹ̀ yìí, màmá?" Kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ni Ọjọ́ Ọkàn Àgbáyé. A ti mọ bó ṣe máa ń rí: tíṣẹ́ẹ̀tì pupa, bánà, àwọn ọlọ́lá níwájú, fọ́tò. Àwọn tí ara wọn dá ló máa ń rìn. Alárùn ọkàn a máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo fẹ́ kí a yí i padà. Kí ọjọ́ náà tó dé, kí ọsibítù ńlá kọ̀ọ̀kan ti ní ọ̀sán ìrìn tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kí àwọn aláìsàn tó ti parí oṣù mẹ́ta ìrìn ṣíwájú, kí kọmíṣọ́nnà tẹ̀ lé wọn, kó sì rìn bí wọ́n bá ṣe ń rìn.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kílíníìkì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó o bá dé iwájú dókítà, má dìde kó o tó béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ara mi ti wálẹ̀ tó láti rìn? Ìṣẹ́jú mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Ta ni físíò tí ẹ ó fi mí hàn? Bó bá ní kò sí físíò, ní kó kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ pé o béèrè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, Sátidé yìí, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí géètì pápá iléèwé àdúgbò yín wà ní ṣíṣí, kí ẹnì kan mú ẹ̀rọ ìfúnpá dání, kí bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi fún ẹni tó bá rẹ̀.